Ọdún Tó Dín

Ooru oṣù kẹrin ò jẹ́ kí Sábọ̀n Gàrí sùn.
A tẹ́ ẹní sábẹ́ dógóyárò nínú ọgbà,
èmi, ìyá àgbà, tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ,
àti ìwé ìtàn àgbáyé tí Málàmù Ishiaku yá mi,
tí ewúrẹ́ ti jẹ igun rẹ̀ kan,
tó fi jẹ́ pé ogun àwọn ará Rọ́ṣíà
ò ní ìparí mọ́.

Wáẹ́ẹ̀kì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ìyá àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì,
síbẹ̀ òun ló ń bi mí léèrè.
"Àwọn Faransé tó bẹ́ ọba wọn lórí,
ọdún wo ni ìjàngbọ̀n wọn bẹ̀rẹ̀?"
Mo ní sẹfintíìn éétí-náìn.
"Àwẹ̀ró, sọ ọ́ kó yé mi."
Mo ń wòkè, mo ń wolẹ̀. Òun ló bá mi tú u:
ẹgbẹ̀sán ó dín mọ́kànlá.
Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n jẹ gbèsè mọ́kànlá.
Wọn ò tíì san án tán tí orí ọba fi bọ́."

Bó ṣe ń ka owó nìyẹn
nígbà tó ń ta òwú àtùpà ní ìdíkọ̀ reluwé:
kì í ka ohun tó wà láì ka ohun tó kù.
Ogun àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ó lé mẹ́rìnlá.
Òmìnira wa, ẹgbàá ó dín ogójì.
"Ogójì yẹn ńkọ́? Ta ló kó o lọ?"
Mo ní ìyá àgbà, wọn kì í bi wá nìyẹn.

Sa'adatu yọrí lójú fèrèsé ilé kejì:
"Bí o ò bá ti mọ ìdáhùn, C ni kó o yàn.
C kì í jáni kulẹ̀."
Ìyá àgbà ní, C wo?
Oṣù mẹ́rin lòun fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà,
A, B, ó kan D.
"Ta ló wá ki ẹnìkan bọ àárín wọn?"
Sa'adatu rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́:
"Kaka, kin iya!"

Mo ti ń ṣí ojú ewé mìíràn kó tó sọ pé,
"Bi mí ní tèmi. Bi mí ní
ẹgbàá ó dín mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."
Mo ṣírò ó lórí ìka. Ó pẹ́ kí n tó débẹ̀.
Náíntíìn síkísítì-síìsì.

Ìyá Obiageli ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀,
ó ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n jọ ń lò.
Oṣù kẹsàn-án ń parí lọ.
Ó jáde ní kùtù, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́,
iná ṣì ń jó lábẹ́ ìkòkò.
Ó ki kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́,
"Bá mi wo ẹ̀wà yẹn, kó má jóná."
Ẹ̀wà jinná.
Ìyá àgbà sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ọmọrí dé e.
Ó jókòó tì í di alẹ́.

Mo mọ kọ́kọ́rọ́ náà.
Láti kékeré ni mo ti ń rí i lára ìṣó,
mo ṣe bí ti àpótí kan tó ti sọnù ni.

"Ṣé wọ́n máa bi yín?"
Mo yẹ ìwé wò láti ẹ̀yìn wá síwájú.
Ọdún yẹn gba ìlà mẹ́rin.
Kò sí ìkòkò níbẹ̀.
Mo ní, bóyá.
"A ni, àbí B, àbí D?"

Tọ́ọ̀ṣì kú.
Nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tó ń ka nǹkan sínú,
n ò mọ̀ bóyá ọdún ni, àbí ènìyàn.
Nígbà tó yá, ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀.
Ọ̀la ni ma bẹ̀rẹ̀ ogun kejì.
Àkùkọ ti ń kọ lápá ọ̀dọ̀ reluwé.
Wáẹ́ẹ̀kì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan.