Ẹsẹ̀ Nínú Orin

Mo ti fi mátírẹ́ẹ̀sì dí fèrèsé,
mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì ìgbà ọyẹ́ bo ilẹ̀kùn,
mo yọ wáyà fíríìjì, omi rẹ̀ ń sun sórí sìmẹ́ńtì.
Mo gun àga, mo yọ bátìrì lára aago ògiri,
nítorí ìgbà tí mo bá dákẹ́ ló máa ń rántí ara rẹ̀.
Fáànù kú. Mo ń làágùn bí ẹni tó jí adìyẹ.
Ní Òdòjọmù, ní Oǹdó, lọ́sàn-án gangan,
mo fẹ́ kí ayé panu mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀
kí n lè kọ orin bàbá bàbá mi sínú kọ̀ǹpútà.

Mo ta jìtá. Mo kọ ọ́. Mo fi ẹ̀rọ bo etí.
Jìtá wà níbẹ̀. Ohùn mi wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ dùn díẹ̀.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wọn, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ láti oko,
ṣàà… ṣàà… ṣàà…

Kì í ṣe òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni.
Kì í ṣe ìgbálẹ̀; ta ní ń gbálẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán?
Mo tú wáyà, mo tún un so. Mo bú máìkì.
Mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì kúrò, mo yọjú.
Màmá Ọ̀kà ni, lórí kòkó tó sá síwájú ilé,
ó ká ìró dé orúnkún, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lásán nínú rẹ̀,
ó la ọ̀nà kan lọ, ó la òmíràn bọ̀,
kí oòrùn lè rí ìdí kóró kọ̀ọ̀kan.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín ń wọnú orin.”
Kò gbórí sókè. “Orin ta ni?”
“Ti Bàbá.”
“Ta ló ra irin tí o ń kọrin sí?”
Mi ò dáhùn. Àpò kòkó kan àti ààbọ̀ ni, lọ́dún tó kọjá;
òun fúnra rẹ̀ ló ka owó náà, lẹ́ẹ̀mejì, lórí ẹní.
“Ó dáa. Bí kòkó yìí bá bu,
kí o wá kọrin fún un kó gbẹ.”

Ṣúpọ̀ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, lórí fóònù láti Àkúrẹ́:
“Má sá fún ariwo náà. Gba òun nìkan sílẹ̀,
ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, láìsí orin, láìsí ìmí.
Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa kó tó lè lé e jáde.”
Mo jókòó, mo di ìmí mú,
Màmá Ọ̀kà rìn lọ, ó rìn bọ̀.
Mo tẹ bọ́tìnnì.

Ariwo lọ pátápátá, bí ìgbà tí iná kú lójijì.
Mo fò sókè. Mo wá gbọ́ ibi tí mo ti ń ki Bàbá:
Akínṣọwọ́n, ọmọ…
Rárá. Akín-ọwọ́n. Akín-ọwọ́n ni mo gbọ́.
Ẹ̀rọ ò mọ ṣàà ti kòkó yàtọ̀ sí ti ẹnu.
Ó ti gbá gbogbo ṣ dànù:
iṣẹ́ di iẹ́, àṣírí di àírí,
iṣu tí Bàbá fi ọdún méje gbìn di iu,
mo wá dà bí arúgbó tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ.

Dín in kù. Fi kún un. Tún dín in kù.
Títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí orúkọ padà bọ̀ sípò,
ẹsẹ̀ náà bá a bọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lábẹ́ jìtá.
Mo jẹ́ kó wà. Kì í ṣe ọgbọ́n; ó ti sú mi ni.

Màmá Ọ̀kà wọlé, òórùn kòkó wọlé pẹ̀lú rẹ̀.
Mo fi ẹ̀rọ bò ó létí, lórí gèlè.
Ó pajú dé. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n tún un fi sí i.
“O pe orúkọ rẹ̀ dáadáa,” ló wí.
Lẹ́yìn náà: “Ta wá ni ẹni tó ń yí kòkó nínú rẹ̀?
Kò gbẹ́sẹ̀ mọ́.
Ó ti rẹ̀ ẹ́.”