Ihò Lára Ògiri

Wàídì ní ọ̀kẹ́ méjì náírà ni òun máa gbà.
Mo ka owó ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, kò pọ̀ sí i.
Mo ní, "Fi sílẹ̀. Èmi náà lójú,
mo wò ọ́ nígbà tó o ń ṣe é nílé Alùfáà Yàkúbù."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó yá mi ní pọ́ǹpù àti gééjì,
ó ní, "Bó bá di alẹ́, fóònù mi ò ní kú."

Oṣù Ẹrẹ́nà, Ìdí-Àpé, n'Ílọrin.
Páànù ń dún pá, pá, bí ẹni ń yan ẹ̀pà.
Ìyá mi ti gbé ẹní kúrò ní yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀,
láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé abẹ́ dóńgóyárò,
ooru ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí olówó èlé.
Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ìdí nìyẹn tí mo fi gun àkàbà.

Wàídì ti ní kí ihò náà dagẹ̀rẹ̀ sí ìta,
àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, omi á padà wọlé
bí àlejò tó gbàgbé fìlà.
Mo ki dírììlì bọ inú ògiri.
Sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ jáde, aláwọ̀ eérú,
ó gbẹ bí ìlérí ìjọba.
Lẹ́yìn ìka méjì, àwọ̀ yí padà:
amọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí mi lápá,
ó ń rùn bí àkọ́rọ̀ òjò,
pòròpórò ọkà bàbà wà nínú rẹ̀,
tí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ pò mọ́ amọ̀
nígbà tí a kò tí ì bí ẹni tó bí mi.

Ìyá mi dìde lórí ẹní, ó ṣa ẹyọ kan nílẹ̀.
"Bàbá ọkọ mi ló mọ ọ́n.
Nígbà tí mo wọlé yìí ní ìyàwó,
lọ́sàn-án gangan, aṣọ là ń da bora.
Ta ló wá fi páànù bò ó? Ta ló fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ?"
Mi ò dáhùn.
Èmi ni. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ajẹmọ́nú.

Bàbà ni páìpù tí mo ń tẹ̀.
Bàbá ni ògiri tí mo ń lu.
Ọkà bàbà ń ta sí mi lójú.
Mo fẹ́ kánjú, páìpù ká bí ọrùn adìẹ,
ló bá di kí n fi orúnkún gbé e,
kí n máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ.

Aago mẹ́rin, iná dé.
Pọ́ǹpù fa gbogbo èémí inú páìpù jáde,
abẹ́rẹ́ gééjì wálẹ̀, ó dúró, kò mira.
Mo fi ìfófòó ọṣẹ kun oríkèé. Kò hó.
Mo ṣí gáàsì. Ó ṣe ṣííì,
bí ìyá tó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Ìyá mi jókòó sínú òtútù tí mo fọwọ́ ara mi ṣe.
Ó fa ìborùn bo èjìká. Inú mi dùn.
Ó wá ní, "Ooru tó wà níbí, ibo ló lọ?"

Mo mú un dé ẹ̀yìnkùlé.
Ẹ̀rọ ìta ń mí hẹlẹ sí fèrèsé Sìnótù opó,
kọ́tìnnì rẹ̀ ń fò.
Ooru ò kú. A kàn lé e lọ ilé ẹlòmíràn ni.

Ìyá mi kan fèrèsé náà.
"Sìnótù! Gbé ẹní rẹ, kó o kó àwọn ọmọ bọ̀."

Lọ́la, màá gbé ẹ̀rọ náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga;
màá pe Wàídì, ó máa rẹ́rìn-ín.
Lálẹ́ yìí, ènìyàn márùn-ún ló ń hanrun nínú yàrá kan,
omi sì ń kán níta, tó, tó,
sínú búútà tí Ìyá mi gbé sábẹ́ ihò.
Ó kọ́kọ́ pupa díẹ̀
kó tó mọ́.