Fọ́ọ̀mù Owó Ìrànwọ́

Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún ni mo fi ìdí gùn
l'Ókè-Mosàn, kí n tó bá yín lórí àga.
Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn?"

Ìyáàfin Ṣówùnmí, ojú yín kò kúrò lára fọ́ọ̀mù.
"Ẹ rìn dé ara ògiri."
Mo rìn débẹ̀.
Bíírò pupa: *ó lè rìn*.
Ẹ kò mọ gbèsè tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ wá sin lóru.

Ẹ wá sílé wa n'Ítòkò lọ́jọ́ òjò,
tí àpáta ń yọ̀ bí ilá.
Ẹ jókòó tì mí. Ẹ má tíì kọ̀wé.

Ìwé yín ní *bẹ́ẹ̀ ni*, ó ní *bẹ́ẹ̀ kọ́*;
ẹ bá wa fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀
fún *nígbà mìíràn*.