Yẹ àti Gbọ́dọ̀

Inú kọ́ńtéénà tí wọ́n sọ di ọ́fíìsì ni wọ́n ti gbé ìwé náà fún mi,
nísàlẹ̀ òkè tí wọ́n ń fọ́,
níbi tí títì Kàbà sí Ìsánlú ti ń gùnkè.
"Tíṣà ni ọ́, Ayédọgbọ́n," mánijà wí,
"bá wa yí i sí èdè tí àwọn afọ́kúta á gbọ́."
Ojú ìwé mẹ́rìndínlógójì,
òǹtẹ̀ ìjọba lẹ́yìn rẹ̀ ti ń bó bí awọ ibi tó jóná.

Ìgbà tí iná lọ, mo tan àtùpà tì í.
Àwọn kan rọrùn:
*Ẹ má dúró sábẹ́ ẹrù tó ń fì lókè.*
Ìyá mi ti ń sọ ìyẹn fún wa nídìí ọ̀pẹ
kí ìjọba kankan tó ní òǹtẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló dá mi dúró.
*Ó yẹ kí omi máa dà sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lu òkúta,
kí eruku má baà gbéra.*
Ó yẹ.
Wọ́n ti là á nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé ìwé yìí kì í ṣe òfin fúnra rẹ̀;
ìlànà ni, tí ìjọba fọwọ́ sí.
Ẹ lè gba ọ̀nà mìíràn.
Àmọ́ tí jàǹbá bá dé, ẹ̀yin lẹ ó fi ọ̀nà yẹn han adájọ́,
kó rí i pé ó dára tó tiwa.
Bí ẹni tí kò gba orí afárá kọjá odò:
kò sẹ́ni tó dá a dúró,
ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá délé ní tútù,
ó ní ibi tó máa sọ pé òun gbà.

Ọbajẹ́mù ló ń di ẹ̀rọ yẹn mú, ọdún kọkàndínlógún rèé.
Ikọ́ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ fi ń mọ̀ pé ó ti dé,
kí ó tó gbọ́ ọ̀kadà.
"Tíṣà, kí ni wọ́n kọ nípa eruku?"
"Wọ́n ní ó yẹ kí omi wà."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó yẹ kí èmi náà lówó."
Ẹ̀rín yẹn di ikọ́, kò tètè tán.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú mánijà.
"Tíṣà gírámà, ṣé o rí *gbọ́dọ̀* níbẹ̀?"
Mo tún ìlà náà kà.
"Rárá, sà."
Òótọ́ ni mo sọ.
Òótọ́ yẹn ṣì ń dùn mí ní eyín.

Nígbà ọyẹ́, Ọbajẹ́mù kò lè gun òkè mọ́.
Ní ọsibítù Ẹ̀gbẹ̀, dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sójú fèrèsé:
ìràwọ̀, ìràwọ̀,
funfun wínníwínní láti èjìká dé ìhà,
kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà.

Obìnrin tín-ín-rín kan ti Lọ́kọ́jà wá, ó wọ bàtà òjò,
bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni.
Kò dárúkọ yẹ, kò dárúkọ gbọ́dọ̀.
"Ẹ kò lo omi. Ó dáa.
Kí lẹ wá ṣe dípò rẹ̀?"
Mánijà wo ojú mi.
Èmi wo òkè.
A gbọ́ ẹ̀rọ níta, gìrì, gìrì, gìrì,
títí obìnrin náà fi ṣí ìwé rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé.

Mo padà sídìí ìtumọ̀ mi.
N kò pa *yẹ* kankan rẹ́, èmi kọ́ ni mo ni ín.
Ṣùgbọ́n etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi bírò kọ ọ́:
*bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí lo ṣe?*

Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ omi dé báyìí.
Òkè ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.
Mo lọ ròyìn fún Ọbajẹ́mù lábẹ́ máńgòrò rẹ̀.
Ó gbọ́ tán, ó na ọwọ́ sí mi.
"Okun,"
ó dúró, ó wá èémí,
mo dúró dè é,
"o, Tíṣà."