Ìwé Epo

Kántà méjì ni ọkọ mi fi sílẹ̀ ní Ìsánlú,
ọdún kan náà ni wọ́n wọlé, ẹ́ńjìnnì kan náà.
Funfun ń bẹ lọ́wọ́ Òtítọ́jù,
aláwọ̀ ewé ń bẹ lọ́wọ́ Ìbítóyè, ọmọ Mọ́pà.
Iṣu kan náà. Ọ̀nà kan náà, àlọ àtàbọ̀ Lọ́kọ́ja.
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń ṣí ìwé.

Òtítọ́jù: lítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.
Ìbítóyè: lítà mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.
Mo tún un kà, mo fi ìka tọ̀ ọ́.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta,
ìwé ò yí ohùn padà.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ènìyàn máa kọ́kọ́ rò:
rọ́bà gígùn, kẹ́ẹ̀gì, òru,
ọ̀rẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà tí kì í bèèrè ibi tí nǹkan ti wá.
Ìyá rẹ̀ ò tíì kí mi ní "Ọ̀kún" tán
tí mo fi pe ọmọ rẹ̀ lólè.
Kò jà. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi lọ."

Aago márùn-ún, ìrì ṣì wà lórí ewé kajú.
Ó ṣíná sí ọkọ̀, ó lọ wẹ̀, ó lọ ra ẹ̀kọ,
ẹ́ńjìnnì dúró lójúkan,
ó ń jẹun bí àlejò tí kò bá wa débi oko.
Nígbà tó yá, ó tẹ irin mọ́lẹ̀
bí ẹni tẹ orí ejò.
Ọkọ̀ fò. Iṣu ké lẹ́yìn wa.
Kòtò yọ: bíréèkì! Ó tún tẹ̀ ẹ́.
Kòtò mìíràn: bíréèkì!
Igi ọlọ́pàá, ewúrẹ́ Àyétòrò,
gbogbo wọn ló ń bá a lójijì,
bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n wà láti àná.
Eré tó fi owó mi rà,
ẹsẹ̀ kan náà ló fi ń pa á.

Òkè Kàbà, jíà kẹta ló yẹ ẹ́, kẹrin ló wà,
ọkọ̀ ń húkọ́ bí àgbà tí wọ́n ní kó sáré,
èéfín dúdú bo àwọn ọmọ iléèwé,
mo ń wo owó mi bó ṣe ń gòkè ọ̀run.
Tàyà ẹ̀yìn méjèèjì rọ̀ bí ẹ̀bà tó gba omi jù.

Kò jí nǹkan kan.
Ọ̀rọ̀ "olè" há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ọkọ mi, nígbà tó wà láyé,
a máa gbé èso kajú pípọ́n kan síwájú gíláàsì.
Kì í fi okùn dè é.
"Bó bá já bọ́, ẹsẹ̀ mi ló jù ú."
Àwọn tó kọjá a máa pè é ní ìgbín;
ó di Ọ̀bájánà, níbi tí tírélà sìmẹ́ńtì tò sí,
a ó bá wọn níbẹ̀, wọ́n ń làágùn.
Ó ń rí kòtò lókèèrè, á gbé ẹsẹ̀,
á jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọra rẹlẹ̀.
Ṣùgbọ́n kò yọ jíà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè rí:
"Epo tí a fi ẹ̀mí ṣọ́, ta ni yóò jó o?"

Ní Lọ́kọ́ja, wọ́n ń ka iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo ní, "Pa á."
Ó pa á. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́,
a wá ń gbọ́ ara wa.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá tún bẹ̀ ẹ́ lójú ìyá rẹ̀.

Ní àbọ̀, mo ra kajú, mo gbé ọ̀kan síwájú rẹ̀.
Ó já bọ́ kí a tó kúrò nílùú.
Ó já bọ́ ní Kàbà.
Ìgbà tí a dé Mọ́pà, oje rẹ̀ ti ba ìró mi jẹ́,
oje kajú kì í sì í ṣí.

Ọ̀sẹ̀ yìí, Ìbítóyè: lítà mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ: kajú mẹ́ta.