Ikọ́ Tó Dé Mànílà

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ya ìwé ìwọlé
lẹ́nu ọ̀nà àjọ̀dún orin ní Kàbà,
ẹ̀yìn ni mo fi ń gbọ́ orin,
ojú ni mo fi ń ka owó.
Lọ́dún yìí mo sanwó tèmi, mo wọlé bí èèyàn,
mo jókòó sórí àga oníke tí òjò ọ̀sán ti bomi sí.
Mi ò nù ún.

Ìka mẹ́wàá ni mo fi di fóònù mú.
Ìbítóyè ló wà ní òdìkejì rẹ̀,
àbúrò mi tó ń kọ́ àtúnṣe ọkọ̀ òfuurufú ní Mànílà,
tí agogo tirẹ̀ fi wákàtí méje ṣáájú tiwa:
aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló lù níbí,
lọ́hùn-ún, ajá pàápàá ti sùn.
"Gbé e sókè," ó wí. "Gbé e sókè dáadáa."
Mo gbé e sókè bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun han ìyá àgbà.

Ẹgbẹ́ fèrè Mọ̀pà ló bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ mọ̀ wọ́n:
ṣòkòtò funfun, bàtà tí kò bára mu,
ọmọbìnrin kan tó kéré ju fèrè rẹ̀ lọ
tó ń fẹ́ ẹ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi le bí okùn kànga.
Lẹ́yìn wọn, akọrin Ìsánlú dìde,
ohùn ìsàlẹ̀ wọn wọlé
bí ẹni tó ń rọra ti ilẹ̀kùn onírin.
Àwọn ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ gbé jìtá mẹ́rin jáde, okùn kan já,
ẹni tó ni ín rẹ́rìn-ín,
ó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ohun tí okùn ìbá kọ.
Pápá hó.
Mo gbàgbé apá mi. Ó ti kú sókè bí ẹ̀ka.

Lóṣù tó kọjá Ìbítóyè ròyìn fún mi
pé ìlú kan lọ́hùn-ún náà ń ṣe tiwọn lọ́dọọdún,
pé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní dùùrù tí wọ́n fi ọparun ṣe,
ọparun, irú èyí tí à ń gé létí odò
tí à ń fi ṣe ọ̀pá iṣu.
Ó sanwó, ó wọlé, ó jókòó láàrin àjèjì.
"Ó dùn," ó ní, "ó dùn gan-an ni.
Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè wò lójú
nígbà tó dùn tó bẹ́ẹ̀."

Ìgbà tí ẹgbẹ́ Kàbà fúnra wọn gòkè ni dátà mi tán.
Ẹgbẹ́ tirẹ̀.
Fèrè ńlá tó máa ń fẹ́,
ọmọ Ìyárà kan ló gbé e kọ́rùn báyìí.
Mo sáré wá káàdì, mo ń tẹ nọ́ńbà, ọwọ́ mi ń yọ̀.
Kó tó tún gbé e, wọ́n ti parí, wọ́n ti ń tẹríba,
ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń ṣáájú àtẹ́wọ́ nìkan ló kù.
Nínú rẹ̀ ni Tíṣà Ìgbàgbọ́yẹmí ti wúkọ́ lẹ́yìn mi,
ikọ́ gbígbẹ yẹn, lẹ́ẹ̀mejì,
lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta tó máa ń pẹ́ kó tó dé.
Ìyá kan kọjá níwájú mi: "Òkun o."
Mo ní, "Òkun o, Ìyá."

Mo ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù pé orin wọn ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.
Kò dá mi lóhùn.
Mo rò pé ọ̀nà tún ti já.
"Tíṣà ṣì wà," ó sọ níkẹyìn.
"Ẹ̀kẹta yẹn. Tí a bá ṣì í nígbà ìdánrawò,
kì í bá wa wí. Á kàn wúkọ́."

Mo yíjú láti na fóònù sí Tíṣà.
Ó ti mú ọ̀nà ilé pọ̀n, agboòrùn lábẹ́ abíyá,
kò wẹ̀yìn.
Wọ́n ń tú àgọ́.
Mi ò pa fóònù náà,
mo fi lé orí àga tó ṣófo,
kó máa gbọ́ bí wọ́n ti ń to àga léra.