Àrán Lẹ́yìn Ọrùn

Ìpàkọ́ ni mo fi ń dá ènìyàn mọ̀,
èmi Àkàngbé onígẹrun, lábẹ́ igi máńgòrò n'Ísàlẹ̀-Àfọ́n.
Ojú lè purọ́ fún mi nínú dígí;
ìpàkọ́ kì í rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn.

Láyíwọlá oníkajú jókòó lọ́jọ́ Sátidé,
mo da aṣọ bò ó láyà, mo tẹ orí rẹ̀ síwájú.
Kílípà ń kùn bọ̀ wálẹ̀, ó dé ọrùn,
ó kọsẹ̀.
Awọ ibẹ̀ dúdú ju ti ibi yòókù lọ,
ó nípọn, ó hunjọ, ó rọ̀ múlọ́múlọ́,
àfi bí ẹni rán kọ́là àrán mọ́ ọn lára
tí kò sì sí télọ̀ tó gbowó rẹ̀.

"Oje kajú ni," ló wí. "Mórónmúbọ̀ fi kànrìnkàn ha á
títí ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ."
Mo fi òwú àti sípíríìtì nù ún:
òwú ṣì funfun báláú.

Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi Ọ̀pọ̀ọlá.
Irú àrán bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn tiẹ̀, ó wà lábíyá;
a ní ara ló yọ̀, a ní owó ló dé.
Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lóru bí ẹni jẹyọ̀,
èèrà ń tò lọ síbi tó tọ̀ sí,
àwa sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá èèrà.
Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni a kọ́kọ́ sin.
Àrán. Àrùn.
Ahọ́n ò rìn jìnnà láàrin wọn.

Wọ́n ní awọ fẹ́lẹ́ ló bonú,
tí kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n awọ kan náà,
bọ́rọ̀ bá sú u, a máa ṣòfófó.

Mo ní, "Lọ ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi,
kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ."
Ó já aṣọ kúrò láyà. Ó ní, láti ìgbà wo
ni onígẹrun ti di dókítà?
Apá kan orí rẹ̀ ni mo tíì gẹ̀ nígbà tó jáde.
Oṣù mẹ́ta gbáko, Sábó ló ti ń gẹrun.

Àná ló padà. Kò kí mi.
Ó tẹ orí ara rẹ̀ síwájú,
ó na káàdì kékeré kan sí mi lẹ́yìn, bí ẹni san gbèsè.
N ò mọ̀wé púpọ̀. Mo mọ nọ́ńbà.
Mo dá káàdì padà, mo tan kílípà,
mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ àrán náà kọjá.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán lálẹ́,
mo gbé dígí kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn,
mo ń wá ìpàkọ́ tèmi.
Iná sì lọ.